Káàdì Tí Kò Tíì Sí: Obìnrin Tó Kọjá Àádọ́ta Ọdún àti Oògùn Họ́mónù Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, Àpápá, Ìpínlẹ̀ Èkó

   

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn ládùúgbò yìí, àwọn náà ti di abiyamọ. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Mo bi wọ́n pé ìlera wo? Ọ̀kan nínú wọn rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ooru yìí mà ni o." Ó yé mi. Nítorí náà, àkòrí ọ̀rọ̀ mi lónìí ni obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, àti oògùn họ́mónù tí àwọn kan ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí ni pé ẹni tó bá máa lo oògùn yìí pẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, oògùn ti ń dé ọwọ́ àwọn obìnrin. Ìtọ́jú ni kò tíì dé.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí àkòrí yìí sá jáde. Ẹ̀yin náà ni ọ̀rọ̀ ń bá wí.

OHUN TÓ Ń ṢE ÀBÓYADÉ

Àwọn àgbà ní ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí obìnrin bá lo oṣù 12 gbáko láìrí nǹkan oṣù, tí kò lóyún, tí kò fún ọmọ lọ́mú, tí kì í sì í ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló dá a dúró, ó ti dúró nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1990: bí ọmọ ọdún 48 ni ọ̀pọ̀ wọn wà nígbà tó dúró. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Obìnrin tí Ọlọ́run bá fún ní 80 ọdún láyé yóò lo ọgbọ̀n ọdún ó lé láìrí nǹkan oṣù. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ọdún tó fi ń rí i.

Láti ìgbà tí ọmọge bá ti bàlágà ni ilé-ẹyin rẹ̀ ti ń pèsè họ́mónù méjì pàtàkì, estrogen àti progesterone. Àwọn ló ń mú nǹkan oṣù wá, àmọ́ iṣẹ́ wọn kò mọ síbẹ̀. Estrogen ń mú kí egungun le, ó ń bá ọpọlọ ṣètò ìwọ̀n ooru ara, òun ni kì í jẹ́ kí ojú ara gbẹ. Bí ó bá já wálẹ̀, gbogbo ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Ooru á máa mú ni lójijì. Oorun á dá lójú. Òógùn á bo ni láàárín òru. Inú á máa bí ni sí ohun tí kò tó nǹkan. Egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, títí ọjọ́ tí ìyá yóò fi yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, tí egungun ìbàdí á kán.

Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí méjì, OlaOlorun àti Lawoyin, fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin tó lé ní 1,000 lẹ́nu wò, láti ẹni ogójì ọdún títí dé ẹni ọgọ́ta, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó ní ó kéré tán àmì kan. Ohun tí wọ́n ráhùn sí jù ni oríkèé àti iṣan tó ń ro wọ́n. Ooru kọ́ ló ṣáájú. Mo dúró lórí èyí nítorí pé ní Ajégúnlẹ̀, làkúrègbé ni wọ́n ń pè é. Ìyá á ra oògùn ìrora ní kẹ́míìsì láràárọ̀, fún ọdún mẹ́ta, fún ọdún márùn-ún, inú á bó, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ìgbà wo ni nǹkan oṣù rẹ̀ dúró. N kò sọ pé gbogbo oríkèé tó bá ro ìyá ni họ́mónù fà. Mo ní kí a máa béèrè.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oṣù díẹ̀ péré ni ooru yẹn máa ń fi wà. Ìwádìí kan tó tẹ̀lé àwọn obìnrin Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, rí i pé ó lé ní ọdún 7 tí ìdajì wọn fi ń bá ooru náà yí. Ní ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ó lé ní ọdún 10.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. A ti dákẹ́ jù. Wọ́n sọ fún àwọn ìyá wa pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ń kó jọ sínú ikùn, pé òun ló ń sọ ikùn di ńlá. Irọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò kó jọ síbì kankan. Wọ́n ní obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ mọ́, pé àìsàn ni yóò fi ṣe. Irọ́ ni ìyẹn náà. Ojú ara tó gbẹ ló ń dun ìyá, ìrora yẹn ló ń sá fún, ọkọ á sì rò pé òun ni ó kórìíra. Ìpara estrogen kékeré wà tí wọ́n ń lò síbẹ̀ nìkan, díẹ̀ kíún ló sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mo mọ ilé tó ti tú ká nítorí ohun tí ìpara lè tún ṣe. Èyí tó burú jù lọ ni ti ìyá àgbà tí kì í rí oorun sùn, tó ń rìn kiri ilé lóru, tó ń sọ̀rọ̀ nìkan, tí àwọn ọmọ ilé wá ń pè ní àjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi òpin sí i.

ÌHÀ MÉJÌ BOUNDARY

Oògùn àfidípò họ́mónù ń dá díẹ̀ padà nínú ohun tó lọ. Ó wà ní hóró, ó wà ní jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa apá, ó sì wà ní ìlẹ̀mára, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ṣùgbọ́n ibi tí obìnrin ń gbé ló ń pinnu bí yóò ṣe bá a pàdé.

Bí ẹ bá dúró ní Boundary, ọwọ́ kan ni Àpápá, ọwọ́ kejì ni Ajégúnlẹ̀. Ìyá tó ń gbé ní GRA Àpápá, tí ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, bí ooru bá mú un lóru, yóò tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ìyá tó ń gbé nínú yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, tí fèrèsé jẹ́ ẹyọ kan, NẸ́PÀ ti mú iná lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta ló jọ wà lórí ẹní. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni yóò jí lọ kó ọjà, lójú ọ̀nà tí tírélà ti dí pa. Ara kan náà ni, họ́mónù kan náà ló lọ. Ìyà wọn kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí oògùn ṣe ń dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin ọdún 2023, obìnrin lè san owó kékeré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún oògùn họ́mónù ọdún kan. Àbúrò tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àpápá: ìlẹ̀mára, páálí mẹ́rin, pẹ̀lú bàtà àti ṣokoléètì. Ẹ̀gbọ́n á lẹ̀ ẹ́, oorun á padà sójú rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta aṣọ lọ́jà Boundary á rí i pé ojú rẹ̀ ń dán. "Ìyá Bọ̀dé, kí lo ń lò?" Yóò fún un ní páálí kan. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n Ìyá Bọ̀dé ti ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti yọ ilé-ọmọ rẹ̀, estrogen nìkan ni àbúrò fi ránṣẹ́. Ilé-ọmọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí obìnrin tó ní ilé-ọmọ bá ń lo estrogen nìkan láìní progesterone, inú ilé-ọmọ á máa nípọn, ọdún á máa gorí ọdún, ó sì lè di jẹjẹrẹ.

Àwọn Òyìnbó ti jìyà rẹ̀ rí, kí a má ba à rò pé àwa nìkan ni ó lè ṣe. Láti 1942 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí Premarin, estrogen tí wọ́n ń yọ lára ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún. Ní 1966, dókítà kan, Robert Wilson, kọ ìwé tó fi polówó rẹ̀ bí ẹni pé ó lè sọ obìnrin di ọmọge títí ayé, àìmọye obìnrin sì tẹ̀lé e. Nígbà tó di 1975, àwọn olùwádìí fi hàn pé jẹjẹrẹ ilé-ọmọ ń pọ̀ láàárín àwọn tó ń lò ó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi progesterone tì í lẹ́yìn fún ẹni tó bá ṣì ní ilé-ọmọ. Ewu tí wọ́n rí ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni à ń pín fún ara wa nínú páálí báyìí.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni ẹni tó ń tà á fún wọn pé kí wọ́n máa fi dípò, pé họ́mónù kan náà ni. Agbára rẹ̀ ju ti oògùn àfidípò lọ dáadáa. Obìnrin ọdún 55 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń gbé e mì lójoojúmọ́, ń fi rọpárọsẹ̀ ṣeré. Ó dára kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ wa, lára páálí, ṣùgbọ́n ojúlówó oògùn tí kò yẹ ọ́ kò sàn ju ayédèrú lọ.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ SỌ

Ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ibí yìí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń wá.

Ní 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Women's Health Initiative. Nínú apá kan rẹ̀, wọ́n kó obìnrin 16,608 tó ṣì ní ilé-ọmọ jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní họ́mónù méjèèjì, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Ní oṣù keje ọdún 2002, lẹ́yìn ọdún 5 ó lé díẹ̀, wọ́n dá a dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé. Bí a bá mú obìnrin 10,000 tó lò ó fún ọdún kan, 38 ló ní jẹjẹrẹ ọmú. Láàárín iye kan náà tí kò lò ó, 30 ni. Rọpárọsẹ̀ jẹ́ 29 sí 21. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ 16 sí 8. Egungun ìbàdí tó kán ló dín kù, 10 sí 15.

Ìròyìn náà tàn ká gbogbo ayé. Obìnrin da oògùn nù, dókítà kọ̀ láti kọ ọ́. Ohun tí ìròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé ọdún 63 ni àwọn obìnrin náà ní ìpíndọ́gba nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ti lo ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dúró. Kò tó 7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí wọ́n padà wo àwọn tó wà nínú ètò náà lẹ́yìn ọdún 18, èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé iye ikú láàárín àwọn tó lo họ́mónù àti àwọn tí kò lò ó kò yàtọ̀ síra.

Ṣé kí a wá máa lò ó láìbẹ̀rù? Rárá. Ní 2019, àwọn olùwádìí kó ọ̀pọ̀ ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ. Wọ́n ní bí obìnrin 50 bá bẹ̀rẹ̀ họ́mónù méjèèjì lójoojúmọ́ láti ọmọ ọdún 50, tí wọ́n sì lò ó fún ọdún 5, ẹnì kan sí i nínú wọn ni yóò ní jẹjẹrẹ ọmú kó tó pé ọdún 70. Ní ti estrogen nìkan, ẹnì kan sí i nínú 200 ni. Bí ọdún bá ṣe ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa wà lára fún ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tí obìnrin bá ti jáwọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.

Ibi tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí báyìí ni pé, fún ẹni tí kò tíì pé 60, tàbí tí kò tíì lo ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dúró, tí ara rẹ̀ ń dà á láàmú, tí kò sì ní èèwọ̀ kankan, àǹfààní oògùn náà sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Wọn kò sì dá ọjọ́ kan pàtó fún gbogbo obìnrin láti jáwọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò yọ ọ̀pọ̀ nínú ìkìlọ̀ ńlá tí wọ́n ti kọ sára àwọn oògùn náà. Inú mi dùn sí i, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin Amẹ́ríkà tí wọ́n yọ ìkìlọ̀ fún ló ní dókítà tó ń rí i lọ́dọọdún àti ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò ọmú. Mélòó ni nínú wa tó ti ya fọ́tò ọmú rí? Níhìn-ín, jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń ti jìnnà kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Mo mẹ́nu ba èèwọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa kì í fúnni ní oògùn kí wọ́n má sọ èèwọ̀ rẹ̀, ọgbọ́n ńlá ni. Oògùn yìí ní tirẹ̀. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì fún lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tí rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn ti kọ lù, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara tí a kò mọ ìdí rẹ̀: kò gbọdọ̀ dá a lò. Ẹ̀jẹ̀ ríru, tó pọ̀ láàárín wa, kò dí ọ̀nà pa, àmọ́ kí a kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ wálẹ̀. Dókítà sì lè yan ìlẹ̀mára tàbí jẹ́ẹ̀lì, nítorí hóró tó gba inú kọjá ló ń tètè mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó bá ń mu àgbo pẹ̀lú rẹ̀, kó sọ ọ́ fún dókítà. Kò sẹ́ni tó máa bá a jà.

KÍ NI WỌ́N YỌ?

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń bi àwọn ìyá tó bá ní wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn. Ìdáhùn tí mo ń gbà jù ni, "Wọ́n ní wọ́n yọ fibroid." Ṣé fibroid nìkan ni wọ́n yọ, àbí wọ́n yọ ilé-ọmọ? Ṣé wọ́n fi ilé-ẹyin sílẹ̀? Ìyá kò mọ̀. Ọkọ ló buwọ́ lùwé, ọkọ ti kú, ìwé ti sọnù.

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi hàn pé ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti ní fibroid kí wọ́n tó pé 50. Nítorí náà, àwa tí wọ́n ti la ikùn fún pọ̀. Bí wọ́n bá yọ ilé-ẹyin méjèèjì obìnrin ọdún 38, họ́mónù rẹ̀ ò rọra lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yẹn gan-an ló lọ. Mo ti rí ọ̀dọ́bìnrin tó jí lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí wọ́n tó gé òwú ojú ọgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní ibà ni. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kó lo họ́mónù jù lọ, bí kò bá ní èèwọ̀, ó kéré tán títí dé ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù ì bá dúró fúnra rẹ̀. Egungun rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ ló ń béèrè fún un. Ìbẹ̀rù tí ìròyìn 2002 dá sílẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu, nítorí pé ohun tó yẹ kó ṣì wà lára rẹ̀ ni à ń dá padà fún un.

KÁÀDÌ

Nígbà tí obìnrin bá lóyún, a fún un ní káàdì. Bó bá bímọ, ọmọ gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bó bá fẹ́ fètò sí ọmọ bíbí, káàdì wà. Ọjọ́ tó bá parí ọmọ bíbí ni káàdì parí. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Àpápá, ó wà ní Ajérómì, àwọn ilé ìtọ́jú alábọ́dé sì wà láàárín wa. Kí ló dé tí kò sí ọjọ́ kan lóṣù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin tó ti pé 45?

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó ńlá. Ẹ fún wa ní ọjọ́ kan lóṣù, nọ́ọ̀sì méjì, ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru, àti káàdì. Kí wọ́n kọ sórí rẹ̀: ìgbà tí nǹkan oṣù dúró, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n yọ, bóyá ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí. Bó bá ń lo họ́mónù, kí wọ́n kọ irú èyí tó ń lò àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí ẹnì kan jókòó bi í pé: ṣé o ṣì nílò rẹ̀, ṣé a lè dín in kù, ṣé ẹ̀jẹ̀ kankan dà? Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan, ọ̀rọ̀ dókítà ni. Ẹni tó bá nílò ọ̀gá dókítà, kí wọ́n kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà. Òfin ìdójútòfò ìlera tí wọ́n ṣe ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní ètò tirẹ̀, Ìlera Èkó. Ẹ bá wa béèrè kí ìtọ́jú obìnrin tó kọjá 45 wà nínú rẹ̀.

Nítorí lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, àpò ló ń pinnu iye ọdún tí obìnrin Ajégúnlẹ̀ ń lo oògùn, kì í ṣe dókítà. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, oògùn tó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí. Ìyá á lò ó fún oṣù mẹ́ta, owó á tán, á dá a dúró lójijì, ooru á tún padà dé, á yá owó àjọ láti rà á. Lílò àti ìdádúró bẹ́ẹ̀ kò ran egungun lọ́wọ́. Bí owó kò bá ní í ká a, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ jọ wá ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà mìíràn wà, gbogbo obìnrin kọ́ ló sì nílò họ́mónù. Àwọn kan ń kọjá níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin tí ẹ wà lẹ́yìn, bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ bi ìyá yín léèrè ohun tí wọ́n yọ lára rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kàn yín, ẹ̀yin náà ń bọ̀ níbẹ̀.

   Àwọn nọ́ọ̀sì méjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru àti ìwé tí a lè fi ṣe káàdì àkọ́kọ́. Kí ẹ tó jẹun, ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.